Ta ló yẹ kó máa mójú tó ọgbà ìgbafẹ́ Port Harcourt?

Mi ò kì í sábà kọ ọ̀rọ̀ tó gùn síbí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ tí a kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa lọ ṣeré ní ọgbà kan nínú ìlú yìí. Lẹ́nu géètì, ẹnìkan gba owó lọ́wọ́ wa. A wọlé tán, ẹlòmíì tún dé, ó ní ká sanwó ibi tí a tẹ́ ẹní sí. Kò sí rìsíìtì. Ilé ìyàgbẹ́ wà, kò sí omi níbẹ̀. Mo ní ta la lè fẹjọ́ sùn? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìjọba ló ni ibẹ̀. Ìjọba wo? Ìyẹn ni kò lè sọ.

Mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ìtàn ìlú yìí. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó.

Ọdún 1909 ni àwọn òyìnbó rí èédú ní Enugu. Wọ́n ń wá èbúté tí wọn yóò máa gbé e gbà, ibí ni wọ́n rí. Ní 1913, Lugard fi orúkọ Lewis Harcourt sọ ìlú náà, ìyẹn mínísítà tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ tí ọba òyìnbó ń ṣàkóso nígbà náà ní London. Ní 1916, rélùwéè ti dé Enugu. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn akọ̀wé àti oníṣẹ́ ọwọ́ tó tètè bá iṣẹ́ náà débí. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yìí ní olówó. Àwọn Ikwerre ará Diobu àti àwọn ará Okrika la bá níbẹ̀. Ìwé àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní Hargrove Agreement, ti 1913, ni ìjọba fi gba ilẹ̀ náà, àwọn ará Diobu sì bá wọn fa ọ̀rọ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ibi tó kàn wá rè é. Òfin ìlú tí Lugard ṣe ní 1917 àti ìlànà rẹ̀ sọ pé àyè tó fẹ̀ tó yáàdì 440 gbọ́dọ̀ wà láàárín ibi tí òyìnbó ń gbé àti ibi tí aláwọ̀ dúdú ń gbé. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Wọ́n ní nítorí ibà ni, àti nítorí iná. Koríko tútù wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n koríko náà ni ògiri. Nígbà tí wọ́n ń pe Port Harcourt ní Garden City, ẹ rántí pé kì í ṣe gbogbo wa ni wọ́n gbin ọgbà náà fún. Ẹni tí ọgbà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pinnu ẹni tó máa gbádùn rẹ̀.

Òyìnbó lọ, ó ku àwa. Wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Rivers sílẹ̀ ní May 1967. Ní àsìkò Diete-Spiff, gómìnà àkọ́kọ́, ni wọ́n dá ọgbà ẹranko sílẹ̀ ní Trans Amadi. A ní Isaac Boro Park, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìrántí àwọn ológun tó kú lójú ogun ní 15 January. Ní 2017, nígbà tí Wike jẹ́ gómìnà, wọ́n ṣí Pleasure Park lójú ọ̀nà Aba Road. Iṣẹ́ ńlá ni gbogbo rẹ̀, mi ò bú ẹnìkan. Àmọ́ ẹ wò ó: ìjọba tó bá dé ló ń ṣe tiẹ̀. Ẹni tó kọ́ ọ ló ń fẹ́ràn rẹ̀, ẹni tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ a máa wá ibòmíì tí yóò fi orúkọ tirẹ̀ sí.

Gbogbo wa la rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 2025. Ní 18 March, Ààrẹ kéde ìjọba pàjáwìrì. Gómìnà, igbákejì rẹ̀ àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, wọ́n ní kí gbogbo wọn lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́fà, ọ̀gá ológun ojú omi kan tó ti fẹ̀yìntì ló wá ń ṣàkóso. Àlejò ni wá, a ò dá sí ìjà onílé. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi pé, bí ìjọba bá lè lọ rọ́kún lójijì báyìí, ta ni yóò máa ra dísù fún jẹnẹrétọ̀ ọgbà? Ta ni yóò sanwó ẹni tó ń gé koríko? Koríko ò mọ̀ pé òṣèlú ń jà.

Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ìgbìmọ̀ tó dá dúró ló yẹ kó máa mójú tó àwọn ọgbà ńlá wọ̀nyí. Kì í ṣe pé ká tà wọ́n. Ìjọba ló ṣì máa ni ín.

Wọ́n ti ṣe é níbòmíì. Ní 1980, Olóyè S. L. Edu, ọmọ Ẹ̀pẹ́, dá Nigerian Conservation Foundation sílẹ̀. Àjọ yìí ló dá Lekki Conservation Centre sílẹ̀ ní 1990, ilẹ̀ rẹ̀ tó hẹ́kítà 78. Olóyè Edu ti kú tipẹ́, ọ̀pọ̀ gómìnà ti jẹ l'Ékòó, igbó náà ṣì wà, ọ̀bọ ṣì ń fò lórí igi rẹ̀. Ní New York, Central Park bàjẹ́ gan-an láàárín 1970 sí 1980, torí ìlú náà ò lówó lọ́wọ́. Àwọn ará ìlú dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1980, ní 1998 ìjọba ìlú sì bá wọn tọwọ́ bọ̀wé pé kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀. Ìlú ló ṣì ni ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé kí wọ́n tó ṣe ọgbà yẹn, wọ́n lé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ní ilẹ̀ àti ilé ní Seneca Village kúrò ní 1857. Ọ̀rọ̀ onílẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní bọ́ọ̀dù wo ni kò kún fún ọmọ ẹ̀yìn olóṣèlú ní Nàìjíríà? Òótọ́ ni. Wọ́n á tún ní bí aládàáni bá débẹ̀, owó géètì á lọ sókè, ọmọ alágbàṣe ò ní lè wọlé mọ́. Òótọ́ nìyẹn náà, ìyẹn á tún di yáàdì 440 Lugard, owó ni wọ́n á kàn fi ṣe ògiri. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

Nítorí náà, kí òfin sọ iye ọdún tí ọmọ ìgbìmọ̀ máa lò, kí gómìnà tuntun má lè tú wọn ká lọ́jọ́ tó bá dé. Kí wọ́n fún àwọn onílẹ̀ ní àyè tiwọn nínú rẹ̀, kí wọ́n fún àwọn ọlọ́jà àti àwa tá a wá gbé níbí náà. Kí wọ́n máa lẹ ìṣirò owó mọ́ ẹnu géètì lọ́dọọdún. Kí ọjọ́ kan wà lọ́sẹ̀ tí ọmọdé á wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ tí mo bí níbí kò mọ ìlú mìíràn. Ibí ló ti kọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá. Bó bá bi mí lọ́la pé ta ló ni ọgbà ìlú wa, mo fẹ́ lè dárúkọ ẹni tó máa dáhùn.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ rí sí i?