Rose Dieng-Kuntz àti Ìtumọ̀ “Obìnrin Àkọ́kọ́” Nínú Ìtàn Ìmọ̀ Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ Rose Dieng-Kuntz, ohun tí a sábà máa ń gbọ́ tẹ̀lé e ni pé òun ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó wọ École polytechnique ní ilẹ̀ Faransé. Òótọ́ ni. Àmọ́ gbólóhùn náà kò sọ ìdí tí kò fi sí obìnrin níbẹ̀ ṣáájú, kò sì sọ iṣẹ́ tí obìnrin yìí ṣe lẹ́yìn tó wọlé. Mo fẹ́ yẹ méjèèjì wò níhìn-ín, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kan àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè gbọ̀ngbọ̀n.

2. Ilẹ̀kùn tó wà ní títì

Dakar ni a ti bí i ní 1956. Ó mọ ìṣirò, ó sì mọ èdè Faransé àti Látìn dáadáa. Ní 1976, ó wọ École polytechnique. Láti 1794 ni ilé-ẹ̀kọ́ náà ti wà, ṣùgbọ́n 1972 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba obìnrin, méje péré. Nítorí náà, “àkọ́kọ́” kò túmọ̀ sí pé kò sí ọmọbìnrin tó tó o ṣe tẹ́lẹ̀. Òfin ló ti ilẹ̀kùn.

Èdè tiwa náà ní ọ̀rọ̀ sọ sí i. Ní Faransé, “il” àti “elle” ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ní Yorùbá, “ó” kò yà wọ́n. Bí a bá kọ “àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà, wọ́n ṣe báyìí”, òǹkàwé lè rò pé ọkùnrin ni gbogbo wọn. Ẹni tó ń kọ ìtàn ní Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé obìnrin ni.

3. Iṣẹ́ rẹ̀

Lẹ́yìn tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Paris-Sud, ó dara pọ̀ mọ́ Inria, ní Sophia-Antipolis, ní 1985. Ní 1992, ó di olórí ikọ̀ Acacia. Ìbéèrè wọn ni pé: bí òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ bá fẹ̀yìn tì, báwo ni ìmọ̀ rẹ̀ kò ṣe ní bá a lọ? Ara ọ̀nà tí wọ́n gbà ni ontologie: kí a to àwọn èrò inú iṣẹ́ kan lẹ́sẹẹsẹ, kí a sì sọ bí ọ̀kan ṣe tan mọ́ èkejì, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé ẹni tó ń wá “ọkọ̀” lè nílò ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa takisí.

Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tèmi kún un. Ní Àjàṣẹ́, ẹnì kan náà ni a ń pè ní “frère” ní kíláàsì, tí a sì ń pè ní “ẹ̀gbọ́n” nílé. “Frère” sọ pé ọkùnrin ni, kò sọ ẹni tó dàgbà jù. “Ẹ̀gbọ́n” sọ ti ọjọ́ orí, kò sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Bí a bá kọ́ ontologie lórí ọ̀rọ̀ Faransé nìkan, ọjọ́ orí á sọnù. Ẹni tó bá to àwọn èrò náà ló ń pinnu ohun tí ẹ̀rọ á rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí obìnrin àti àwọn tó gbọ́ èdè wa wà lára àwọn tó ń tò ó.

4. Àgbálọgbábọ̀

Ní 2005, a fún Dieng-Kuntz ní ẹ̀bùn Irène Joliot-Curie, tí a dá sílẹ̀ ní 2001 láti gbé ipò obìnrin ga nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ó kú ní 2008. Ní ìtòsí wa, Adenike Osofisan gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1989, òun sì ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ifẹ̀ sún mọ́ wa ju Dakar lọ, àmọ́ ilé-ìwé Faransé ti jẹ́ kí Dakar dà bí ìtòsí.

Àbá mi ni pé kí ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka wa ní iṣẹ́ àṣetiléwá kan: kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ontologie àwọn ọ̀rọ̀ ẹbí ní Yorùbá, Gùn àti Faransé, kí wọ́n sì mọ orúkọ obìnrin méjèèjì yìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.