Orúkọ Lọ́tọ̀, Ọ̀nà Lọ́tọ̀: Ìtọ́jú Dísìkì Lórí Sáfà Unix

Ẹni tó bá ń tọ́jú sáfà Unix mọ̀ pé àìtó ààyè kọ́ ni ìṣòro tó le jù. Bí ààyè bá tán, a ó ra dísìkì kún un. Ohun tó ń gba oorun lójú alábòójútó ni kí sáfà kú kó sì tún jí, kí dísìkì tí wọ́n mọ̀ sí sdb lánàá máa jẹ́ sdd lónìí, tàbí kí dísìkì kan ṣoṣo yọ lẹ́ẹ̀mẹrin nínú àkọsílẹ̀ bí ẹni pé mẹ́rin ni. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé láti nǹkan bí ọdún 1990 títí di òní, iṣẹ́ kan náà ni àwọn tó ń ṣe Unix ń ṣe sí ọ̀rọ̀ dísìkì: wọ́n ń yọ orúkọ dísìkì kúrò lára ọ̀nà tí à ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. AIX, HP-UX, Solaris àti Linux ni a ó yẹ̀ wò. Bí oníkálùkù ṣe rìn ín kò bá ara wọn mu, a kò sì ní fún gbogbo wọn ní àyè tó dọ́gba.

Ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀

Nínú àpilẹ̀kọ tí Dennis Ritchie àti Ken Thompson gbé jáde lórí Unix ní 1974, wọ́n ṣàlàyé pé ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tó so mọ́ kọ̀ǹpútà ní fáìlì tirẹ̀ nínú fódà /dev, àti pé àṣẹ mount lè so ètò fáìlì tó wà lórí dísìkì kan mọ́ igi fáìlì tó ti wà nílẹ̀. Níbi iṣẹ́ tiwọn, orí dísìkì kékeré kan ni gbòǹgbò igi náà wà. Dísìkì ńlá tó gbé fáìlì àwọn òṣìṣẹ́ ń wọlé nípa mount nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jí. Ẹni tó ń lo fáìlì kò nílò láti mọ dísìkì tó gbé e. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Fáìlì bọ́ lọ́wọ́ orúkọ dísìkì. Dísìkì fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ ibi tí wọ́n ki wáyà rẹ̀ bọ̀.

Fáìlì inú /dev kò gbé dátà kankan. Nọ́ńbà méjì ló gbé. Ti àkọ́kọ́, major, ń sọ driver tí kernel yóò pè. Ìkejì, minor, ni driver yẹn fi ń mọ ẹ̀rọ tí à ń bá wí. Lórí HP-UX àtijọ́ àti Solaris, orúkọ fáìlì náà ń ka ọ̀nà sójútáyé: c5t0d1 ni dísìkì 1 tó wà lẹ́yìn ojúlé 0 lórí káàdì tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 5. Bí wọ́n bá yọ káàdì yẹn tí wọ́n sì kì í bọ ihò mìíràn, orúkọ lè yí padà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan dísìkì. Ti Linux tilẹ̀ tún burú sí i. Orúkọ sda, sdb àti sdc kò sọ ọ̀nà kankan. Bí kernel bá ṣe bá dísìkì pàdé sí ló ń fún un ní lẹ́tà. Níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, tí sáfà sì lè jí kí àpótí dísìkì tó jí tán, ta ló lè fọkàn tẹ irú ìpàdé bẹ́ẹ̀?

Ó dà bí ìgbà tí àdírẹ́sì ilé kan kò ju “ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì” lọ. Bí oníbúrẹ́dì bá kó lọ, àlejò kò ní rí ilé mọ́. Bí ọ̀nà méjì bá sì wọ ilé náà, àlejò lè lọ ròyìn pé ilé méjì ni òun rí.

Ohun tí AIX mú wá

Ọdún 1990 ni IBM gbé AIX 3 jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ RS/6000. Logical Volume Manager tó bá a wá, LVM tí gbogbo wa ń pè é, ni ọ̀pọ̀ ètò tó dé lẹ́yìn rẹ̀ jọ. Dísìkì kọ̀ọ̀kan di physical volume. Dísìkì bíi mélòó kan para pọ̀ di ẹgbẹ́ kan, èyí ni volume group. Inú ẹgbẹ́ yìí ni a ti ń bu logical volume, tí a ń gbé ètò fáìlì kalẹ̀ sórí rẹ̀. A gé dísìkì sí ègé tó dọ́gba, ègé wọ̀nyí ni a sì ń ṣà jọ. Logical volume kan lè gba ègé láti ara dísìkì mẹ́ta, ẹ̀dà ègé kọ̀ọ̀kan sì lè wà lórí dísìkì mìíràn. Bí /home bá kún lórí AIX òde òní, àṣẹ chfs -a size=+1G /home yóò fi GB kan kún un, ẹnikẹ́ni kò sì ní jáde lórí ẹ̀rọ nítorí rẹ̀.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa jù níbẹ̀ ni PVID. Bí dísìkì bá ti di ti LVM, AIX yóò kọ nọ́ńbà kan sára rẹ̀, nọ́ńbà tí a kò retí kó jọ ti dísìkì mìíràn. Orúkọ hdisk4 lè di hdisk9. Nọ́ńbà yẹn kò kúrò lára dísìkì. Bí wọ́n bá kó dísìkì ẹgbẹ́ kan láti orí sáfà kan lọ sórí òmíràn, a ó tọ́ka ẹyọ kan péré nínú wọn fún importvg, yóò ka àkọsílẹ̀ tó wà lára rẹ̀, yóò wá àwọn yòókù rí, yóò sì tún ẹgbẹ́ náà tò, orúkọ yòówù kí sáfà tuntun máa pè wọ́n.

Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà ni VGDA. Gbogbo dísìkì inú ẹgbẹ́ ló gbé ẹ̀dà rẹ̀, AIX kì í sì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ máa ṣiṣẹ́ lọ bí iye ẹ̀dà tó ń dáhùn kò bá ju ìdajì lọ. Bí dísìkì bá jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ló wà lára wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, èkíní gbé ẹ̀dà méjì, èkejì gbé ẹyọ kan. Ẹ wo ohun tó lè tìdí èyí yọ: alábòójútó ṣe ẹ̀dà dátà rẹ̀ pérépéré sórí dísìkì méjì, dísìkì kìíní kú, ẹgbẹ́ sì ṣíwọ́ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ dátà wà lódindi lórí ìkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi chvg -Qn pa òfin yìí fún ẹgbẹ́ oní-dísìkì méjì tó ní ẹ̀dà. Òfin náà kò burú o. Ó ń dènà kí apá kan ẹgbẹ́ máa kọ ohun tí apá kejì kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí mo kà sí àléébù ni pé dísìkì méjì, tó jẹ́ ètò tó wọ́pọ̀ jù fún rootvg (ẹgbẹ́ tó gbé AIX fúnra rẹ̀), ni òfin náà ti ń dùn wá jù.

Ọ̀nà mẹ́rin, dísìkì kan

Sáfà ńlá kì í sábà gbé dísìkì iṣẹ́ sínú ara rẹ̀ mọ́. Àpótí ìpamọ́ wà lọ́tọ̀, controller méjì ló ní. Síwíìṣì Fibre Channel méjì wà láàrin. Sáfà náà sì ní káàdì méjì. Dísìkì tí àpótí náà bù fún sáfà ni wọ́n ń pè ní LUN. Bí káàdì kọ̀ọ̀kan bá rí controller méjèèjì, ọ̀nà mẹ́rin ló dé ọ̀dọ̀ LUN kan. Kernel tí kò fura yóò ka dísìkì mẹ́rin. Bí ètò méjì bá gba orúkọ méjì kọ nǹkan sórí LUN kan náà, tí oníkálùkù rò pé òun nìkan ló ni ín, dátà bàjẹ́ nìyẹn.

Inú LVM ni HP-UX kọ́kọ́ ti wá ojútùú sí èyí. Bí a bá fi vgextend mú orúkọ ọ̀nà kejì wọ ẹgbẹ́, LVM yóò ka àmì tó wà lára dísìkì, yóò rí i pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí Alternate Link. Ọ̀nà kìíní já, ó gba èkejì. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń rìn lẹ́ẹ̀kan, èkejì jókòó ń wòran. Dísìkì tí kò sí lábẹ́ LVM kò sì rí nǹkan kan gbà nínú rẹ̀. Nígbà tí 11i v3 dé ní 2007, iṣẹ́ náà sọ̀ kalẹ̀ sínú kernel. Orúkọ di /dev/disk/disk14. Nọ́ńbà 14 yìí kò sọ káàdì, kò sọ ojúlé. Dísìkì gan-an ló ń tọ́ka sí, ọ̀nà yòówù kí a gbà. HP kò pa orúkọ àtijọ́ rẹ́. Àṣẹ ioscan -m dsf ń to tuntun àti àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, vgdsf sì ń bá alábòójútó yí ẹgbẹ́ padà sí orúkọ tuntun. Nínú gbogbo àtúnṣe irú èyí tí mo yẹ̀ wò, òun ló mọ́ jù lójú mi, nítorí pé kò fipá mú ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Ti AIX àti Solaris kò gba àlàyé púpọ̀. MPIO wọ AIX 5.2, hdisk kan sì ń dúró fún gbogbo ọ̀nà. Àṣẹ lspath ni a fi ń rí wọn. Lórí Solaris, bí a bá tan MPxIO pẹ̀lú stmsboot -e, nọ́ńbà àgbáyé tí a mọ dísìkì náà mọ̀ yóò gba ipò nọ́ńbà ojúlé nínú orúkọ. Orúkọ náà gùn débi pé kò ṣeé kà sí ẹni létí lórí fóònù, ṣùgbọ́n kì í purọ́.

Linux ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Heinz Mauelshagen bẹ̀rẹ̀ LVM rẹ̀ ní 1998, ó sì tẹ̀lé àpẹẹrẹ ti HP-UX. Kernel 2.6, tó jáde ní òpin 2003, mú device mapper wá, orí rẹ̀ ni LVM2 àti multipath jọ dúró sí. Multipath a máa bi dísìkì léèrè ẹni tó jẹ́. Dísìkì á fi WWID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, dáhùn láti inú ojú ewé 0x83 ti SCSI. Gbogbo sd tó bá sì fún un ní èsì kan náà, ó ti dì wọ́n pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, bíi /dev/mapper/mpatha. Orúkọ yìí rọrùn lẹ́nu, ìdẹkùn sì ni. Fáìlì /etc/multipath/bindings ló ń sọ WWID tó jẹ́ mpatha, sáfà kọ̀ọ̀kan ló sì ní fáìlì tirẹ̀. Lórí sáfà méjì tó jọ ń lo àpótí kan, mpatha ti ọ̀kan lè jẹ́ mpathb ti èkejì. Ẹni tó bá ní irú sáfà bẹ́ẹ̀, kó lo WWID gan-an, tàbí kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ alias.

Ìdẹkùn kejì wà láàrin LVM àti multipath. Bí LVM bá yẹ dísìkì wò kí multipath tó dì wọ́n pọ̀, àmì kan náà ni yóò rí lára sdb àti sdc, yóò sì pariwo pé physical volume kan di méjì. Filter inú lvm.conf ni wọ́n fi ń dá a dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún. Red Hat Enterprise Linux 9 yí ìbéèrè náà padà: LVM kì í fọwọ́ kan dísìkì tí kò bá sí nínú /etc/lvm/devices/system.devices. Mo fara mọ́ èyí. Ẹni tó ń tọ́jú sáfà ló yẹ kó sọ dísìkì tó jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe kí ẹ̀rọ máa gbá gbogbo ohun tó bá rí mọ́ra.

Ọ̀nà gbogbo kò sì dọ́gba. Nínú ọ̀pọ̀ àpótí, controller kan ló ni LUN. Èyí tó bá gba ọwọ́ ìkejì wọlé yóò ṣe àyípo nínú àpótí náà. ALUA ni àpótí fi ń sọ fún sáfà pé ọ̀nà báyìí ló yá, báyìí ni àbùyípo. Bí gbogbo ọ̀nà bá wá já pátá ńkọ́? Ètò no_path_retry inú multipath ló ń pinnu. Bí a bá ní kó máa dúró láìlópin, ohun tí a fẹ́ kọ yóò tò sí ìlà, àwọn ètò tó ń dúró dè é yóò sì wọ ipò D, níbi tí kill -9 kò ti lè pa wọ́n. Bí a bá ní kó jáwọ́ kíá, ìṣẹ́jú díẹ̀ tí síwíìṣì fi kú yóò di àṣìṣe lójú database. Ibi tí sáfà kejì wà tó lè gba iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó jáwọ́. Níbi tí sáfà jẹ́ ẹyọ kan, ẹ jẹ́ kó dúró díẹ̀.

Kí n fi kún un pé ọ̀nà méjì tó gba ihò méjì lára káàdì kan ṣoṣo kì í ṣe ọ̀nà méjì. Multipath yóò kà á sí méjì, ìwé àyẹ̀wò yóò kà á sí méjì, títí ọjọ́ tí káàdì yẹn yóò jóná.

Nígbà tí àmì ara di ìbejì

Bí orúkọ kò bá sí lára ọ̀nà mọ́, ó ní láti wà níbòmíràn, ibi méjì ló sì lè wà: ohun tí dísìkì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, bíi WWID, tàbí ohun tí a kọ sára rẹ̀, bíi PVID ti AIX àti UUID ti Linux. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan. Àpótí ìpamọ́ òde òní lè ṣe ẹ̀dà odindi LUN láàrin ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀dà náà yóò ní WWID tirẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára ti àkọ́kọ́ ló gbé, títí kan orúkọ ẹgbẹ́ àti UUID. Bí wọ́n bá gbé e fún sáfà kan náà, ẹgbẹ́ méjì ló ń jẹ́ orúkọ kan. Ìdí tí àṣẹ vgimportclone fi wà lórí Linux nìyẹn, tí recreatevg wà lórí AIX, tí vgchgid wà lórí HP-UX: wọ́n ń fún ẹ̀dà ní àmì tuntun kó tó wọlé. XFS kì í gbà rárá láti mount ètò fáìlì méjì tí UUID wọn jọ, àfi bí a bá fi nouuid sí i.

ZFS tí Jeff Bonwick àti Matthew Ahrens darí iṣẹ́ rẹ̀ ní Sun, tó wọ kóòdù Solaris ní 2005, so ìpín ààyè àti ètò fáìlì pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ̀dà àmì mẹ́rin ló ń kọ sára dísìkì kọ̀ọ̀kan, méjì níbẹ̀rẹ̀, méjì ní ìparí, nítorí náà zpool import kò bìkítà nípa ibi tí a ki dísìkì bọ̀. Síbẹ̀ àmì tí a kọ ni àmì tí a kọ: ẹ̀dà LUN lè da òun náà láàmú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń di ewu jù ni ìgbà tí a bá ń yọ dísìkì kúrò. Lórí Linux, umount ló ń ṣáájú, lẹ́yìn náà vgchange -an, lẹ́yìn náà multipath -f, kí a tó pa sd kọ̀ọ̀kan rẹ́ nípasẹ̀ fáìlì delete inú /sys. Ìgbà yẹn ni kí a tó ní kí àwọn tó ń tọ́jú àpótí gba LUN náà padà. Bí wọ́n bá kọ́kọ́ gbà á, orúkọ sd mẹ́rin yóò ṣẹ́kù tí kò tọ́ka síbì kan, bí wọ́n bá sì fi nọ́ńbà LUN yẹn gbé dísìkì mìíràn wọlé, orúkọ àtijọ́ lè jí sórí dísìkì ẹlòmíràn. Multipath tuntun ní ètò recheck_wwid, tó ń tún béèrè ẹni tí dísìkì jẹ́ nígbà tí ọ̀nà tó já bá padà. No ni wọ́n fi sí láti ìpìlẹ̀, alábòójútó ló ní láti yí i sí yes.