Ìwé Ìjọba ní Àjàṣẹ́ àti Èdè Ará Ìlú

Ní ọdún 1914 ni ìjọba Faransé dá ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba Dàhòmì sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ àwọn àṣẹ àti òfin tí ó wà níbẹ̀. Òmìnira dé ní ọdún 1960, ṣùgbọ́n èdè òfin kò yí padà: àgbẹ̀ Kétu lè wọ inú ilé ìkàwé, kí ó má sì rí nǹkan kan kà.

Òfin Ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti oṣù kejìlá ọdún 1990, ní ìpín 40, sọ ọ́ di dandan fún ìjọba láti fi àwọn èdè orílẹ̀-èdè tan ìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn ká. Nítorí náà, pípa ìwé mọ́ nìkan kò tó. Ó yẹ kí ìtumọ̀ òfin ní Ànàgó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Faransé, kí ẹni tí a kọ́ ní ìwé lè fi ojú ara rẹ̀ ka òfin tí ó dè é.