Wúrà Tí Ó Pẹ́ Ọdún Méjìlá Lọ́nà

  Ọ̀rọ̀ eré ìje ni a mú wá fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kí àgbàlagbà má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni, nítorí ọ̀rọ̀ olè jíjà ni, ọ̀rọ̀ ìbúra ni, ọ̀rọ̀ ìdájọ́ tí ó pẹ́ kí ó tó dé sì ni pẹ̀lú. Àwọn kan ń jiyàn pé bí eléré ìje bá lo oògùn agbára tí òfin kà léèwọ̀, àwọn alákòóso eré ni kí ó bá a wí. Wọ́n ní kí ni ti ọlọ́pàá níbẹ̀, kí sì ni ti adájọ́? Ìtàn kan wà tí ó kan orílẹ̀-èdè wa gbọ̀ngbọ̀n, tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ láti dá wọn lóhùn.

Ní ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2000, ní ìlú Sydney ní ilẹ̀ Ọsirélíà, àwọn ọkùnrin jáde sí pápá Òlíńpíìkì láti sá eré ẹlẹ́ni mẹ́rin, èyí tí olúkúlùkù ń sá 400 mítà tí ó sì ń gbé ọ̀pá lé ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́. Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong ni ó sá a fún Nàìjíríà. Nduka Awazie àti Fidelis Gadzama ti bá wọn ṣe làálàá ní àwọn ìpele ìṣáájú. Bada kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ náà. Ọmọ ọdún 31 ni nígbà náà, ó sì ti gba wúrà ìdíje àgbáyé ti inú gbọ̀ngàn ní eré 400 mítà ní Paris ní ọdún 1997. Ẹ̀yin tí ẹ mọ oyè ogun ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí orúkọ Báda ń wí.

Ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 58.68 ni àwọn ọmọ wa fi sá a. Kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó tíì sá a kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Jàmáíkà sá a ní 2:58.78, nítorí náà ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni ó wà láàárín wa àti wọn. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà ti kọjá ṣáájú ní 2:56.35, wọ́n sì gba wúrà. Inú wa dùn sí fàdákà wa. Michael Johnson wà lára àwọn tí ó sáré fún Amẹ́ríkà, ta ni yóò sì bínú pé irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni ó ṣáájú òun?

Ohun tí a kò mọ̀ ni pé ẹlòmíràn nínú àwọn mẹ́rin náà, Antonio Pettigrew, ti ń gún abẹ́rẹ́ agbára láti ọdún 1997. Oògùn kan nínú èyí tí ó ń lò ni wọ́n ń pè ní EPO. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn lè gbé èémí tí ó pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó má tètè rẹ̀ ẹ́. Èkejì ni HGH, èyí tí ń mú ẹran ara dàgbà. Wọ́n yẹ ìtọ̀ ọkùnrin yìí wò títí, wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Àgbàlagbà kan lè bi wá pé: àwọn oníjàkadì ayé àtijọ́ ńkọ́, ṣé wọn kì í lo oògùn ni? Àwọn onídambe tí a ń wò ní ilẹ̀ Hausa níhìn-ín ńkọ́, ṣé wọn kì í so tírà mọ́ apá? Ìbéèrè náà tọ́. Ní èdè wa, oògùn ni a ń pe egbòogi, oògùn ni a ń pe ońdè, oògùn náà ni a sì ń pe hóró tí a rà ní ilé ìtajà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wọ agbo ìjàkadì mọ̀ pé alátakò òun lè ti di tirẹ̀ mọ́ra, gbogbo agbo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ti Òlíńpíìkì yàtọ̀. Olúkúlùkù ti gbà pé àwọn oògùn báyìí-báyìí, òun kò ní fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni tí ó bá gba àdéhùn ní ọ̀sán tí ó wá gún abẹ́rẹ́ ní òru, ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí ó pa àdéhùn mọ́ ni ó jà lólè.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n gbìyànjú láti gba wúrà náà padà, kò bọ́ sí i. Jerome Young, tí ó sá ìpele ìṣáájú fún Amẹ́ríkà, ni àyẹ̀wò ti mú ní ọdún 1999 kí àwọn alákòóso tirẹ̀ tó dá a sílẹ̀. Nígbà tí àṣírí tú, àjọ eré ìje àgbáyé ní kí gbogbo ẹgbẹ́ náà pàdánù wúrà. Ẹjọ́ dé iwájú ilé ẹjọ́ eré ìdárayá tí ó wà ní Lausanne. Ní ọdún 2005, àwọn onídàájọ́ wí pé òfin tí ó wà nílẹ̀ nígbà náà kò sọ pé kí ẹlẹ́gbẹ́ jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́gbẹ́, pàápàá nígbà tí Young kò sá àṣekágbá. Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Wúrà dúró sí Amẹ́ríkà.

Ibòmíràn ni ìrànlọ́wọ́ ti wá. Ní ọdún 2003, olùkọ́ni eré ìje kan fi abẹ́rẹ́ tí a ti lò ránṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀ sí àjọ tí ń gbógun ti oògùn agbára ní Amẹ́ríkà. Oògùn tí ó kù nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n pò lọ́nà tí àyẹ̀wò ìgbà náà kò fi lè rí i. Àwọn aṣèwádìí ìjọba ti ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ BALCO ní Burlingame, ní ìpínlẹ̀ California. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n ya wọ ibẹ̀. Trevor Graham ni olùkọ́ni tí ó fi abẹ́rẹ́ náà ránṣẹ́. Òun náà ni olùkọ́ Pettigrew. Nígbà tí àwọn aṣèwádìí bi Graham léèrè nípa ẹni tí ń ta oògùn fún àwọn eléré rẹ̀, ó purọ́ fún wọn. Ẹ kíyèsí i: kì í ṣe oògùn ni ìjọba fi gbé e lọ sílé ẹjọ́, irọ́ ni.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008, ní San Francisco, wọ́n pe Pettigrew láti wá jẹ́rìí. Ó búra, ó sì jẹ́wọ́. Ohun tí àyẹ̀wò kò rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tí ó bá búra èké. Àwọn baba wa tí ń mú ènìyàn fi irin búra mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Graham jẹ̀bi, wọ́n sì sé e mọ́ ilé fún ọdún kan. Michael Johnson wí pé òun yóò dá wúrà òun padà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008, ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì gba wúrà lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Síbẹ̀, ó di oṣù Keje ọdún 2012 kí wọ́n tó kéde pé Nàìjíríà ni ó ni ín.

Sunday Bada kò gbọ́ ìkéde náà. Ó kú ní ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, ọdún 2011, oṣù méje péré ṣáájú. Pettigrew pàápàá ti kú ní ọdún 2010. Ọmọ ọdún 42 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Ẹni tí ó jí i kò jẹ ẹ́ pẹ́, ẹni tí ó ni ín kò fọwọ́ kàn án.

Ilé iṣẹ́ BALCO yìí kan náà ni ó pèsè oògùn fún àwọn kan nínú àwọn tí ń gbá bésíbọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà. Barry Bonds, ẹni tí ó gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò ní pápá ní ìgbà 762, iye tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọjá ní Amẹ́ríkà, sọ níwájú ìgbìmọ̀ aṣèwádìí ní ọdún 2003 pé òun kò mọ̀ pé oògùn agbára ni wọ́n ń fún òun. Wọ́n fi ẹ̀sùn ìbúra èké kàn án ní ọdún 2007. Ní ọdún 2011 wọ́n dá a lẹ́bi pé ó dènà ìdájọ́, ṣùgbọ́n ní ọdún 2015 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé e. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń bá a jiyàn síbẹ̀. Àríyànjiyàn wọn kò lè tán, nítorí iye tí a gbá ni wọ́n ń kà. Kò rọrùn láti tọ́ka sí ọkùnrin kan kí a wí pé, tìrẹ ni wọ́n jí. Ní Sydney, a mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ wà lórí àkọsílẹ̀, ní ipò kejì.

Àwọn tí kò fẹ́ kí ilé ẹjọ́ dá sí i náà ní àwíjàre, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́ àgbà òṣìkà ni. Wọ́n ní ẹni tí a fi òfin dè ti jìyà tó. Wọ́n rán wa létí Chioma Ajunwa, ọlọ́pàá wa. A fi òfin dè é fún ọdún 4 ní ọdún 1992. Ó ní òun kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó fara da ìyà náà. Ó padà wá sí Atlanta ní ọdún 1996, ó fo 7.12 mítà, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó dá gba wúrà Òlíńpíìkì. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n ni wọ́n sọ ọ́ sí, ìgbà wo ni ìbá fò ó?

Òtítọ́ ni wọ́n sọ. A kò ní kí wọ́n máa kó sárésáré sẹ́wọ̀n. Ohun tí a ń wí ni pé ilé ẹjọ́ ní agbára tí alákòóso eré kò ní: ó lè mú ènìyàn búra, ó lè fìyà jẹ irọ́, ó sì lè nawọ́ mú ẹni tí kò wọ pápá rí, ìyẹn oníṣòwò, dókítà àti olùkọ́ni. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kí a má sì ṣe rò pé àwa ni a máa ń jà lólè nígbà gbogbo. Ní ìdíje Commonwealth ní Delhi ní ọdún 2010, Damola Osayomi gba wúrà 100 mítà fún Nàìjíríà, àyẹ̀wò sì bá oògùn tí a kà léèwọ̀ lára rẹ̀. Ó ní egbòogi eyín dídùn ni òun lò. Wúrà náà lọ sọ́dọ̀ Natasha Mayers, ọmọ erékùṣù kékeré St Vincent, ẹni tí ó ṣe ipò kejì. Ní Glasgow ní ọdún 2014, ọmọdébìnrin wa kan, ọmọ ọdún 16, gba wúrà níbi ìdíje gbígbé irin. Àyẹ̀wò mú òun náà, wúrà sì lọ sọ́dọ̀ Dika Toua ti Papua New Guinea. Ọmọ ọdún 16 kò dá rìn dé Glasgow. Ta ni ó fi oògùn lé e lọ́wọ́?

Nígbà tí ó di ọdún 2021, Blessing Okagbare ṣe ipò kìíní ní ìpele àkọ́kọ́ eré 100 mítà ní Tokyo. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dá a dúró. Ọdún 10 ni wọ́n fi òfin dè é, wọ́n sì tún fi ọdún 1 lé e. Àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù àyè wọn nínú eré ẹlẹ́ni mẹ́rin ní ìdíje àgbáyé ti ọdún 2022, nítorí ó ti bá wọn sá eré tí ó yẹ kí ó fún wọn láyè náà. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huuru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ṣùgbọ́n ní ti èyí, òfin kò dúró lẹ́nu ọ̀nà sárésáré. Amẹ́ríkà ti ṣe òfin ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, èyí tí ó lè fi ẹni tí ń pèsè oògùn sẹ́wọ̀n títí dé ọdún 10, tí kò sì fìyà jẹ eléré fúnra rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tí òfin náà mú ni Eric Lira, ará Texas, tí ó pèsè oògùn fún Okagbare. Ó gbà pé òun jẹ̀bi ní ọdún 2023. Ní ọdún 2024, wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n oṣù 3. Oṣù 3 kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn pápá ti jẹ́ orúkọ rẹ̀ níwájú adájọ́.

Ìdáhùn tiwa nìyí. Ẹjọ́ yìí kì í ṣe ti alákòóso eré nìkan, nítorí kì í ṣe òun ni wọ́n jà lólè. Ẹni tí ó ṣe ipò kejì ni ó ni ẹjọ́, ìbáà jẹ́ Sunday Bada, ìbáà jẹ́ ọmọ St Vincent. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń sáré tàbí tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ bi í léèrè ohun tí olùkọ́ rẹ̀ ń fún un mu. Bí hóró kan bá wà tí wọn kò fẹ́ kí ẹ rí, òun gan-an ni kí ẹ béèrè. Ẹ má sì ṣe kọ́ ọmọ yín pé ìtìjú ni ipò kejì. Ní Sydney, ibẹ̀ ni òtítọ́ jókòó sí fún ọdún 12.