Kalo-Kalo Inú Àpò: Ohun Tí Ìtàn Ẹ̀rọ Tẹ́tẹ́ Kọ́ni Nípa Ìkànnì Onírẹ́jẹ

Ní ọdún 1977, ìjọba ológun tí Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jẹ́ olórí rẹ̀ ṣe òfin tí ó ka ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o wọlé láti òkè òkun, kò gbọdọ̀ ní in, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fi ṣòwò. Kalo-kalo ni àwọn ará ìlú ń pe ẹ̀rọ náà. Nígbà tí Ọbásanjọ́ gbé ìjọba sílẹ̀ ní 1979, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó gbájú mọ́ ní oko ńlá rẹ̀ ní Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì tí ó wà lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta, tí ilé iṣẹ́ ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀.

Lónìí, ẹ̀rọ tí òfin yẹn lé kúrò nígboro ti padà sí Ọ̀tà, ṣùgbọ́n kò gba èbúté, kò sì gba ẹnubodè Ìdí-Ìrókò. Inú fóònù ni ó gbà wọlé. Òṣìṣẹ́ tí ó parí iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ irin tàbí ti ike lè ta tẹ́tẹ́ ní ogún ìgbà kí ọkọ̀ tó dé bá a lábẹ́ afárá Ṣàngó. Owó oṣù rẹ̀ àti ẹ̀rọ náà ti jọ wà nínú fóònù kan ṣoṣo. Ìbéèrè tí ó wá kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n ni pé: báwo ni a ṣe ń mọ ìyàtọ̀ láàrin eré tí ènìyàn lè pàdánù nínú rẹ̀ àti eré tí a ti pa ayò rẹ̀ kí ó tó jókòó? Ìtàn tẹ́tẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ní ìdáhùn.

Kí kalo-kalo tó dé, àti lẹ́yìn tí wọ́n lé e lọ, púùlù ni ó gbòde. Bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ta á: ọlọ́tẹ́tẹ́ yóò mú àwọn ìdíje tí ó gbà pé wọn yóò parí sí ọ̀mì. Agbowó púùlù lè sá lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí onípúùlù kan ní Nàìjíríà tí ó lè yí èsì bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ní Liverpool padà. Èsì náà wà lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn fún tajá tẹran. Lẹ́yìn náà ni tẹ́tẹ́ onínọ́ńbà márùn-ún nínú àádọ́rùn-ún gbilẹ̀. Olóyè Kessington Adébùtú, ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ tí ó ti inú òwò púùlù dìde, dá Premier Lotto sílẹ̀, orúkọ ìnagijẹ rẹ̀, Bàbá Ìjẹ̀bú, sì di orúkọ tẹ́tẹ́ náà lẹ́nu mùtúmùwà. Níbẹ̀ pẹ̀lú, nọ́ńbà kan náà ni ẹni tí ó wà ní Ọ̀tà àti ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn jọ ń retí.

Kalo-kalo yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Inú àpótí ni èsì rẹ̀ ti ń jáde, fún ẹnì kan ṣoṣo tí ó dúró níwájú rẹ̀. Kò sí ẹlẹ́rìí, kò sì sí ìwé ìròyìn tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ibi tí ìwà ìrẹ́jẹ ti ń ráyè wọlé gan-an nìyí.

Ẹni tí ó sọ irú ẹ̀rọ yìí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ni Charles Fey, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ṣí lọ sí San Francisco ní Amẹ́ríkà. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó ṣe èyí tí ó pè ní Liberty Bell: àgbá mẹ́ta tí ń yí, tí àwòrán wà lára wọn. Ẹni tí ó bá ní sùúrù lè ka àwòrán ara àgbá kí ó sì ṣírò bí ó ṣe ṣòro tó láti jẹ. Ní 1984 ni ìyẹn dópin. Inge Telnaes, ẹlẹ́rọ ọmọ ilẹ̀ Norway, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ìhùmọ̀ kan ní Amẹ́ríkà: kọ̀ǹpútà ni yóò kọ́kọ́ mú nọ́ńbà, àgbá yóò kàn dúró síbi tí nọ́ńbà náà bá sọ. Bí àwòrán ogún bá wà lára àgbá kọ̀ọ̀kan, ojú yóò máa rò pé ẹ̀bùn ńlá ń jáde lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà 8,000. Ṣùgbọ́n bí kọ̀ǹpútà bá fi nọ́ńbà 64 rọ́pò ogún yẹn lórí àgbá kọ̀ọ̀kan, ó di ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 262,144, láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà lójú ẹni tí ń wò ó. Ìhùmọ̀ yìí bófin mu, orí irú rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì sì dúró lé. Àwòrán tí ń yí lójú fóònù kò pinnu nǹkan kan. Orí kọ̀ǹpútà tí ó wà níbòmíràn ni èsì ti wá.

Láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo tí ó kù láti dáàbò bo ọlọ́tẹ́tẹ́ ni ẹni tí ń yẹ kọ̀ǹpútà náà wò. Àwọn ọ̀ràn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Nevada fi èyí hàn. Ní 1989, àṣírí tú pé ilé iṣẹ́ American Coin ti tún inú ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe kí ẹ̀bùn tó ga jù má baà máa jáde bí ó ti yẹ. Àwọn aláṣẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1995 ni ọwọ́ tẹ Ron Harris, òṣìṣẹ́ àjọ tí ń yẹ ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ wò, tí ó ń lo ìmọ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ fún un láti fi jí owó. Ẹni tí a ní kó féni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí àyẹ̀wò wà, kí ni a ó sọ nípa ibi tí kò ti sí?

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ibẹ̀. Ní 1994, erékùṣù Antigua ṣe òfin tí ó fàyè gba àwọn ilé iṣẹ́ tẹ́tẹ́ láti máa ta fún ará òkè òkun, àwọn mìíràn sì tẹ̀ lé e. Ní Curaçao, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn díẹ̀ tí ó ní ìwé àṣẹ àgbà ni wọ́n ń fún àìmọye ìkànnì mìíràn ní àṣẹ lábẹ́ tiwọn. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni òfin tuntun tó fòpin sí i níbẹ̀. Láàrin 2007 sí 2008, ọ̀ràn Absolute Poker àti UltimateBet bú jáde: àwọn kan tí ó mọ àṣírí ilé ń rí káàdì tí ó wà lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń ta. Àwọn ọlọ́tẹ́tẹ́ fúnra wọn ni ó kọ́kọ́ rí i, nítorí pé wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo eré tí wọ́n ta. Owó tí UltimateBet dá padà lé ní mílíọ̀nù 20 dọ́là. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a, bí ẹnì kan bá ṣáà ti kọ nǹkan sílẹ̀.

Ní Nàìjíríà, òfin lọ́tìrì ọdún 2005 fi àṣẹ sọ́wọ́ àjọ ìjọba àpapọ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 2008, ẹjọ́ náà sì parí ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Àwọn adájọ́ ní Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ kò lágbára lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́ àfi ní Àbújá, àti pé àwọn ìpínlẹ̀ ni ó ni ín. Ọ̀tà wà lẹ́nu ààlà ìpínlẹ̀ Ògùn àti Èkó. Nítorí náà, ó yẹ kí ará Ọ̀tà béèrè ìpínlẹ̀ tí ó fọwọ́ sí ìkànnì tí ó fẹ́ lò. Èyí tí kò lè dárúkọ ìpínlẹ̀ kankan ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

Ìwé àṣẹ ni àmì àkọ́kọ́. Kí ènìyàn má ṣe gba àmì tí ìkànnì fi sí ìsàlẹ̀ ojú ewé ara rẹ̀ gbọ́, nítorí àwòrán lásán ni, ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ọ̀dọ̀ àjọ tí wọ́n ní ó fún wọn láṣẹ ni kí a ti wá orúkọ àti àdírẹ́sì ìkànnì náà, lẹ́tà sí lẹ́tà, nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo ni àwọn afàwọ̀rajà fi ń yàtọ̀ sí ilé iṣẹ́ gidi.

Àmì kejì wà nínú eré. Eré tí ó tọ́ máa ń kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é àti iye tí ó ń dá padà sí ojú ewé àlàyé rẹ̀. Bí ó bá ń dá ₦96 padà nínú ₦100, ẹni tí ó ta ₦100 ní ìgbà 1,000 yóò pàdánù nǹkan bí ₦4,000 ní ìṣirò gbogbogbò. Bí ó bá jẹ́ ₦85, ó di ₦15,000. Eré kan náà lè wá ní oríṣi méjì tàbí mẹ́ta bẹ́ẹ̀, kí àwòrán wọn sì bára mu. Èyí tí kò kọ iye kankan sílẹ̀ ń fi nǹkan pamọ́. Bákan náà, bí eré ọ̀fẹ́ bá ń jẹ ní gbogbo ìgbà, tí ti olówó kì í jẹ, ìdẹ ni ọ̀fẹ́ náà.

Àmì kẹta ni owó gbígbà. Ìkànnì tí ó ní kí ẹni tí ó jẹ ₦200,000 kọ́kọ́ san owó orí tàbí owó ìforúkọsílẹ̀ kí òun tó san án, olè ni. Onítẹ́tẹ́ gidi yóò yọ ohun tí ó bá tọ́ sí i nínú owó náà. Bónọ́ọ̀sì náà ń fẹ́ ìṣirò: bí wọ́n bá fún ènìyàn ní ₦10,000 tí wọ́n ní kí ó ta á ní ìlọ́po 40 kí ó tó lè gba nǹkan, ₦400,000 ni yóò ta. Lórí eré tí ń mú ₦4 nínú ₦100, ₦16,000 ni yóò bá a lọ. Ẹ̀bùn náà ti jẹ ara rẹ̀ tán. Àwọn tí ń ta áàpù tí wọ́n ní ó lè sọ ibi tí Aviator yóò já sí, àti àwọn tí ń béèrè PIN tàbí nọ́ńbà tí báǹkì fi ránṣẹ́, kò sí èyí tí ó yẹ kí a dá lóhùn.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún àṣìṣe méjì. Pípàdánù léraléra kì í ṣe ẹ̀rí ìrẹ́jẹ: bí eré kan bá ń san nǹkan lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin, nǹkan bí ẹnì kan nínú ènìyàn 18 ni yóò ta á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá tí kò ní rí kọ́bọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni jíjẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí òtítọ́, nítorí olè a máa san owó kékeré kí ó lè gba ńlá. Ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ ní láti tọ́jú àwòrán ojú fóònù àti àkọsílẹ̀ owó tí ó san, kí ó pe báǹkì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì fẹjọ́ sun àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ tàbí ọlọ́pàá. Àkọsílẹ̀ ni ó gba àwọn ti UltimateBet là.

Òfin ọdún 1977 rí ohun tí yóò gbá mú, nítorí àpótí irin ni kalo-kalo ìgbà náà. Ti òde òní kò ní àpótí, olówó rẹ̀ sì lè má ní àdírẹ́sì. Kódà èyí tí kò fi rẹ́jẹ kankan ṣe òwò, apá ti onílé ni ìṣirò rẹ̀ ń gbè. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí: ẹni tí kò bá rí aláṣẹ, tí kò rí iye tí eré ń dá padà, tí kò sì rí ẹni tí yóò mú bí owó bá há, kí ó jẹ́ kí owó iṣẹ́ òru rẹ̀ bá a délé.