Rédíò ọkọ̀

Ìsọ̀rí: àpólà ọ̀rọ̀-orúkọ. Ohùn: mí-mí-dò, re-dò.

ÌTUMỌ̀

1. Ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tí a dè mọ́ inú ọkọ̀, tí ń lo iná bátìrì ọkọ̀ náà, tí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ fi ń bá ibùdó tàbí ọkọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀, tí ó sì fi ń gba èsì.

2. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́: rédíò tí a fi ń gbọ́ ìròyìn àti orin nínú mọ́tò.

Ìtumọ̀ kìíní ni àlàyé yìí dá lé. Bí a bá fẹ́ ya méjèèjì sọ́tọ̀, a lè pe ti àkọ́kọ́ ní asọ̀rọ̀gbèsì.

ORÍRUN ÀTI ÌYÀTỌ̀

Orúkọ tí Yorùbá fún rédíò ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ni a- tí a fi ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ, sọ ọ̀rọ̀, má tí ó jẹ́ atọ́ka ìyísódì, àti gba èsì. Orúkọ náà ṣe rẹ́gí pẹ̀lú àpótí Rediffusion tí wọ́n ń fi wáyà so mọ́ ilé ní Èkó láti 1935: àpótí ń sọ, onílé ń gbọ́, kò sì sí ọ̀nà tí onílé lè gbà dá a lóhùn. Bí a bá yọ má kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí tí ó kù ni ó bá rédíò ọkọ̀ mu. Kò tọ́ kí a pe rédíò tí ó wà nínú ọkọ̀ ọlọ́pàá tàbí ti panápaná ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé tìtorí èsì gan-an ni a ṣe rà á.

Ìtàn ẹ̀rọ náà pàápàá tẹ̀lé ìyàtọ̀ yìí. Ní 1928, àwọn ọlọ́pàá ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ti ń gbọ́ ìpè nínú ọkọ̀ wọn, ṣùgbọ́n gbígbọ́ nìkan ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ fèsì ní láti wá tẹlifóònù lọ. Ní 1933, ní Bayonne ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ọkọ̀ ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ibùdó lóhùn láti orí ìrìn. Láti ìgbà náà ni rédíò inú ọkọ̀ ti di asọ̀rọ̀gbèsì.

Ní Kòsọ́fẹ́, oríṣi méjèèjì wà lójú títì kan náà. Awakọ̀ tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ há mọ́ láàrin Kétu àti Máìlì 12 lè yí rédíò rẹ̀ sí 96.1 FM, Lagos Traffic Radio tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 2012. Asọ̀rọ̀mágbèsì nìyẹn, bí awakọ̀ bá fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀, tẹlifóònù ni yóò lò. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ LASTMA, àjọ tí ń darí ìrìnnà ọkọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà láti 2000, tí ó dúró lẹ́bàá ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ sójú títì, kò lè lo irú ìyẹn. Ó nílò ẹ̀rọ tí yóò sọ fún un bóyá ọkọ̀ tí yóò wọ́ ọkọ̀ kúrò ti gbéra.

DÍDÈ É MỌ́ ỌKỌ̀

Wọkitọ́kì tí a ń mú lọ́wọ́ sábà máa ń ní agbára wáàtì 4 tàbí 5, irin ara ọkọ̀ sì máa ń dí ìgbì rẹ̀ lọ́wọ́. Rédíò ọkọ̀ máa ń ní wáàtì 25 sí 50, áńtẹ́nà rẹ̀ sì wà níta. Ìdí nìyí tí a fi ń lo ọ̀rọ̀-ìṣe dè fún un, tí a kì í sọ pé a gbé e sínú ọkọ̀ lásán.

Wáyà pupa rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ tààrà sí orí bátìrì, kí fíúsì sì wà nítòsí bátìrì náà. Ihò iná tí a ń ti wáyà tẹlifóònù bọ̀ kò tó fún un. Ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ ni a ṣe fún iná fólìtì 12, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àjàgbé, irú èyí tí ń kó tòmátì àti ata wá sí ọjà Máìlì 12 láti òkè Ọya, ń lo fólìtì 24. Ẹni tí ó bá so rédíò fólìtì 12 mọ́ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìfi ẹ̀rọ adín-iná-kù sí i yóò jó o. Àárín òrùlé ni áńtẹ́nà ti ń ṣiṣẹ́ jù. Gígùn irú rẹ̀ tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdajì mítà fún ìgbì 150 MHz, àti nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 16 fún 450 MHz. A kì í tẹ bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ nígbà tí a kò tíì so áńtẹ́nà, nítorí agbára tí kò rí ọ̀nà jáde yóò padà sínú ẹ̀rọ, ó sì lè bà á jẹ́.

Àkíyèsí: ríwáyà ni Èkó ń pe oníṣẹ́ iná mọ́tò. Ríwáyà lè dè rédíò kí ó sì tàn, ṣùgbọ́n títàn kọ́ ni bíbánisọ̀rọ̀. Ìyẹn wà lọ́wọ́ ètò.

ṢÍṢÈTÒ RẸ̀

Ṣètò rédíò: kí a fi kọ̀ǹpútà, wáyà àti ètò tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe rédíò náà gbé jáde kọ àwọn ìkànnì sínú ọpọlọ rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a ka ohun tí ó ti wà nínú rédíò jáde, kí a sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Lẹ́yìn èyí ni a ó ṣe àtúnṣe, tí a ó sì kọ ọ́ padà. Ẹni tí ó bá kọ ti tuntun sí i láìfi ti àtijọ́ pamọ́ kò ní ibi tí yóò padà sí bí ètò náà bá dàrú.

Ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní fírìkúẹ́ǹsì ìgbọ́ràn, fírìkúẹ́ǹsì ìsọ̀rọ̀, ìró ìdánimọ̀, fífẹ̀ ìkànnì (12.5 tàbí 25 kHz), agbára, àti gbèdéke àkókò ìsọ̀rọ̀. Mẹ́ta nínú wọn nílò àlàyé.

Fírìkúẹ́ǹsì méjì. Níbi tí atúnsọ bá wà, ìyẹn ẹ̀rọ orí òpó gíga tí ń gba ọ̀rọ̀ lórí fírìkúẹ́ǹsì kan tí ó sì ń tún un sọ lórí òmíràn, fírìkúẹ́ǹsì ìsọ̀rọ̀ àti ti ìgbọ́ràn kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí ẹni tí ń ṣètò bá kọ nọ́ńbà kan náà sí ààyè méjèèjì, awakọ̀ yóò máa gbọ́ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n atúnsọ kò ní gbọ́ ọ. Àṣìṣe yìí burú nítorí pé kò hàn: rédíò ń dún, gbogbo ènìyàn sì gbà pé ó dára, títí di ọjọ́ tí ọkọ̀ náà bá ké fún ìrànlọ́wọ́. Nítorí náà, a kò gbọdọ̀ gbà pé ètò ti parí títí a ó fi pe ibùdó láti ojú ọ̀nà, tí ibùdó yóò sì fèsì.

Ìró ìdánimọ̀. Ìró kékeré ni, láti 67 Hz lọ sí nǹkan bí 250 Hz, tí ń bá ohùn rìn lábẹ́lẹ̀. Rédíò tí a fi ìró yìí sí kò ní ṣí etí fún ohùn tí kò ní irú rẹ̀. Kì í ṣe ìbòjú fún àṣírí: ẹni tí kò fi ìró kankan dí etí rédíò tirẹ̀ yóò gbọ́ gbogbo ohun tí a bá sọ.

Gbèdéke àkókò. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó lè sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí ìkànnì. Bí ẹni kan bá jókòó lé bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ láìmọ̀, ó ti pa gbogbo àwọn tí ó kù lẹ́nu mọ́. Bí a bá fi gbèdéke sí i, ìṣẹ́jú kan fún àpẹẹrẹ, rédíò yóò dákẹ́ fúnra rẹ̀.

Ìwé àṣẹ ni ó ń ṣáájú wáyà. Lábẹ́ òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti 2003, NCC ni ó ń pín fírìkúẹ́ǹsì fún ilé-iṣẹ́ aládàáni ní Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ó wà fún ètò ìbánisọ̀rọ̀ ni àwọn àjọ ìjọba ń tọ̀ lọ. Ẹni tí ó bá kọ nọ́ńbà tí a kò fún un sínú rédíò lè máa sọ̀rọ̀ lé àwọn tí ń gba ẹ̀mí là lórí.

ÌLÒ

Gbèsì, fèsì, túnsọ. Ẹni tí ó pè ni ó ń gbèsì; ẹni tí a pè ni ó ń fèsì. Lórí rédíò, «mo ti gbọ́» nìkan kò tó èsì fún ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Ẹni tí a pè yóò tún kókó ọ̀rọ̀ náà sọ, kí ẹni tí ó pè lè mọ̀ pé ohun tí òun sọ gan-an ni ó dé ọ̀hún.

Títẹ̀ àti títú. Tẹ bọ́tìnnì, dúró díẹ̀, sọ̀rọ̀, parí rẹ̀ pátápátá, kí o tó tú u. Ẹni tí ó bá yára tú bọ́tìnnì yóò gé ìparí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìparí «Máìlì Tuẹ́ẹ̀fù» bá gé, ẹni tí ń gbọ́ lè mú un fún «Máìlì Tú», tí ó wà ní Àmùwò-Ọ̀dọ́fin ní apá kejì Èkó.

Orúkọ tí ó jọra. Ajégúnlẹ̀ kan wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú, bí a bá ti kọjá Máìlì 12. Òmíràn tí òkìkí rẹ̀ pọ̀ jù wà ní Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn. Nígbà tí omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ìdídò Ọyán mú kí odò Ògùn kún àkúnya ní October 2010, ti ojú ọ̀nà Ìkòròdú ni omi wọ̀. Ọkọ̀ ojú omi tí a bá rán lọ sí Ajégúnlẹ̀ kejì kò lè gba ẹnikẹ́ni là níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ máa fi ojú ọ̀nà tàbí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ kún orúkọ ibi.

Ìkíni. Ìkíni gígùn kò sí lórí ìkànnì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ka ìyẹn sí àìlẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀wọ̀ ń hàn nínú ẹ àti yín. Ófà ni a fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ parí, a sì ń retí èsì.

ÀPẸẸRẸ

«Ibùdó, Ọkọ̀ Kẹrin ń pè. Ófà.»
«Ọkọ̀ Kẹrin, Ibùdó ń gbọ́ yín. Ẹ máa wí. Ófà.»
«Ọkọ̀ àjàgbé kan ṣubú ní Máìlì Tuẹ́ẹ̀fù, létí ọjà, ọ̀nà tí ó lọ sí Ìkòròdú. Ènìyàn méjì farapa. Ófà.»
«Máìlì Tuẹ́ẹ̀fù, létí ọjà, ọ̀nà Ìkòròdú, ènìyàn méjì farapa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ófà.»
«Bẹ́ẹ̀ ni. Ófà.»
«Ọkọ̀ aláìsàn ti gbéra. Ẹ dúró síbẹ̀. Ófà.»

Ẹ tún wo: asọ̀rọ̀mágbèsì, áńtẹ́nà, atúnsọ, fèsì, ìkànnì, ríwáyà, wọkitọ́kì.