Ọkọ̀ Ojú Irin Òkè Victoria ní Hong Kong àti Ọ̀rọ̀ Ibùgbé Òyìnbó

Kí ọkọ̀ ojú irin Òkè Victoria tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1888, èjìká àwọn ará China ni àwọn òyìnbó fi ń gun òkè náà, lórí àga tí a fi ọ̀pá gbé. Okùn irin ni ó ń fa ọkọ̀ méjèèjì. Bí ọ̀kan ti ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Ìlú àti èbúté a wá tẹ́ sílẹ̀ lójú èrò.

Ta ni èrò náà? Òfin 1904 kò jẹ́ kí ará China gbé lórí òkè, bí kò ṣe ìránṣẹ́ tàbí ẹni tí ìjọba yọ̀ǹda fún. 1946 ni a tó fagi lé e. Láti 1908 títí di 1949, gómìnà ni a ń fi ìjókòó iwájú ọkọ̀ pamọ́ dè.

Lugard ni gómìnà ní 1908. Ó bá òfin náà nílẹ̀ ni, òun kọ́ ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ó lo 1907 sí 1912 níbẹ̀ kí ó tó padà sí ilẹ̀ wa. Bí a bá ń wá orísun òfin ìlú ti 1917, tí ó fi yáàdì 440 ya ibùgbé òyìnbó sọ́tọ̀ ní Nàìjíríà, Àríwá nìkan ni a sáábà ń wò. Ní tèmi, kò yẹ kí a fo Hong Kong dá. Ọ̀nà kan ń jẹ́ orúkọ Lugard lórí òkè náà títí di òní.